Àárín Eyín Kan àti Èkejì

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Kò sí olùkọ́ èdè Yorùbá kan tí kò tíì fi òwe yìí kọ́ ọmọ rí. Bí a bá ti kọ ọ́ sójú pátákó, àlàyé kan náà ni gbogbo wa máa ń ṣe: pé ọmọdé nílò àgbà, àgbà náà sì nílò ọmọdé. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe ń kọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò, tí wọ́n sì ń gba máàkì lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdajì kejì òwe náà kò yé mi dáadáa títí di ìgbà tí mo fi eyín kan san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹnu akèrègbè kéré. Ọwọ́ àgbà kò jẹ̀bi, akèrègbè náà kò jẹ̀bi. Wọn kò kàn bá ara wọn mu ni. Ẹni tí ó bá fi ipá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, akèrègbè ni yóò fọ́.

Ọ̀rọ̀ eyín ni mo fẹ́ bá yín sọ, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi olùkọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbára dì fún ìdánwò. N kò sọ ti ojú eyín tí gbogbo ayé ń rí, tí búrọ́ọ̀ṣì àti orín ń dé. Ti àárín eyín kan àti èkejì ni mo ní í sọ, àti ti ohun tí ó yẹ kí a yàn láti máa fi tọ́jú ibẹ̀.

Àgọ́ Aláayè ni mo gbé dàgbà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọ̀rẹ̀ ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ wa. Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ láti Èkó lọ sí Ìbíní mọ Ọ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti máa ń dúró kí èrò lè sọ̀ kalẹ̀ jẹun. Wọn a jẹ iyán, wọn a jẹ ẹran ìgbẹ́, bí wọ́n bá sì jẹun tán, ẹ ó rí wọn tí wọ́n ń nawọ́ sí ife kékeré tí ìtayín wà nínú rẹ̀ lórí tábìlì. Inú igbó tí ó yí wa ká ni wọ́n ti ń gé gẹdú tí wọ́n ń là sí pákó ní àwọn ilé ìlagi Ọ̀rẹ̀. Inú igbó kan náà ni wọ́n ti ń gé pákò tí àwọn obìnrin ń dì ní ìdì ìdì láti tà lẹ́bàá títì. Bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìró ohùn, n kì í wá àpẹẹrẹ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Pákó, pákò: ohùn orí fáwẹ́lì ìkẹyìn nìkan ni ó ya ohun tí a fi ń kan òrùlé sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a fi ń fọ ẹnu. Orin àti orín náà rí bẹ́ẹ̀.

Ìyá tí ó bí ìyá mi ni ó tọ́ mi. Orín ata ni ó fẹ́ràn jù, nítorí bí ó ṣe máa ń ta á lẹ́nu fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Bí kò bá rí i, a run pákò Ìjẹ̀bú tàbí ẹ̀ka orógbó. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, a jókòó sórí àpótí nítòsí ààrò, a mú ọ̀bẹ kékeré, a la igi orín kan, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ. Kì í gbẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. A gbẹ́ èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyọ ìgbálẹ̀, a gbẹ́ èyí tí ó nípọn díẹ̀ jù ú lọ, a sì fi àtàǹpàkò pa ẹnu wọn kí ó má baà mú jù. Èyí tẹ́ẹ́rẹ́ wà fún iwájú, èyí nípọn wà fún ẹ̀yìn. Eléjìí ni ìyá àgbà. Àlàfo èjí rẹ̀ yìí ni kì í ta rárá. Omi ni ó fi ń yọ́ ọ. Bí mo bá bi í léèrè ìdí, a ní ẹnu ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ kò nílò kọ́kọ́rọ́.

Èmi kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọwọ́ mi bá ti bà ni mo fi ń ta eyín: igi ìṣáná, ẹyọ ìgbálẹ̀, etí ìdérí bírò, àti èyí tí ó burú jù, píìnnì tí a fi ń so ìwé pọ̀. Ní ọjọ́ kan, ìyá àgbà bá mi níbi tí mo gbé ń fi píìnnì wa àárín eyín iwájú mi. Ó wò mí títí, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ilé onílé ni o ń já wọ̀ yẹn. Bí ẹnu ọ̀nà bá kéré, ńṣe là á bẹ̀rẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí ni ó ń bá mi sọ. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ èrìgì mi ni.

N kò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè rò pé ayé àtijọ́ ló dára jù. Ọgbọ́n wà nínú orín, a kò lè sẹ́ ẹ. Ní 1971, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí a ń pè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti 1987, tẹ iṣẹ́ ìwádìí jáde lórí bí omi ara igi orín wa ṣe ń dojú kọ kòkòrò àìfojúrí. Ní 1987, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn tí ó ń lo orín níyànjú pé kí wọ́n máa lò ó lọ. Síbẹ̀, orín pẹ̀lú gbogbo iyì rẹ̀, ojú eyín ni ó ń fọ̀. Ìyá àgbà náà kò sì mọ ohun gbogbo. Bí èrìgì rẹ̀ bá ṣẹ̀jẹ̀, a fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìtọ́jú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a ní ó yẹ kí egbò sinmi. Bí eyín ẹ̀yìn bá ń dùn ún, a ní kòkòrò ni ó wọ̀ ọ́, a fi àgbo há a. Nígbà tí ó fi papò dà ní 2011, mẹ́ta nínú àwọn eyín ẹ̀yìn rẹ̀ lápá òsì ti lọ ṣíwájú rẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì ni èrìgì tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀. Eyín iwájú mi ti òkè fún mọ́ra, ẹran a sì máa há sí àárín wọn. Píìnnì ni mo fi ń lé e jáde, ojú kan náà, lójoojúmọ́. Nígbà tí ó yá, n kì í dúró de ẹran mọ́. Ó ti di bárakú fún mi, bí ẹni tí ń jẹ èékánná. Èrìgì ibẹ̀ ń fà sókè díẹ̀díẹ̀, eyín náà sì ń gùn sí i lójú dígí. Mo gba oyè, mo tún kàwé gba dípúlómà ìmọ̀ ẹ̀kọ́, mo di olùkọ́. Mo mọ bí a ṣe ń fọ́ gbólóhùn sí wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n n kò mọ ìdí tí itọ́ mi fi ń pọ́n láàárọ̀. Ọkùnrin kan tí ń ta oògùn fún mi ní hóró mélòó kan, ó ní kí n má fọwọ́ kan ibẹ̀ mọ́. Ìmọ̀ràn ìyá àgbà náà ni ó tún fún mi yìí. Ní 2021, eyín kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì bí òpó tí ikán ti jẹ ìdí rẹ̀. Nígbà tí mo fi máa dé ilé ìwòsàn kan ní Oǹdó, ọ̀rọ̀ ti kọjá oògùn. Wọ́n yọ ọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ìró kọ́ńsónáǹtì ni iṣẹ́ wa ní kíláàsì. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ ibi tí mo ń lọ. A ti ṣe àwọn afèjì-ètè-pè tán, ó kan /f/, tí í ṣe afeyínfètèpè kan ṣoṣo tí èdè wa ní. Mo ní kí àwọn ọmọ wo ẹnu mi, kí wọ́n wo bí eyín òkè ṣe ń kan ètè ìsàlẹ̀, kí wọ́n sì tún un pè tẹ̀ lé mi. Mo pe "fìlà". Atẹ́gùn lásán ni ó gba àlàfo eyín mi jáde. Ohun tí ó dé etí wọn sún mọ́ "hìlà". Ọmọkùnrin kan tí ó jókòó níwájú, tí kì í ṣe aláwàdà rárá, sì pè é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: "hìlà". Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó ń sín mi jẹ ni. Ọmọ náà kò sín mi jẹ. Ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu olùkọ́ rẹ̀ ni ó dá padà fún olùkọ́ rẹ̀.

Ìtìjú ọjọ́ náà kò ṣeé fẹnu sọ. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n kò kọ́ wọn ní ìró mọ́. Lítíréṣọ̀ ni mo gbé lé wọn lọ́wọ́, mo ń ní kí wọ́n máa kà á síta fúnra wọn, èmi a dúró sẹ́yìn kíláàsì pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́nu. Ọlọ́run ló mọ iye ọmọ tí mo fi iṣẹ́ dù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọ̀nyẹn. Alágbẹ̀dẹ kì í fi owú rẹ̀ ṣeré. Èmi olùkọ́ èdè sì fi píìnnì ba irinṣẹ́ tí mo fi ń jẹun jẹ́.

Mo padà lọ sí Oǹdó. Mo bi oníṣègùn eyín, obìnrin kan tí kò lè jù mí lọ lọ́jọ́ orí, pé èwo ni ó dára jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń tà fún àárín eyín. Kò dárúkọ ọjà kankan fún mi. Ó ní, "Ẹ ya ẹnu ná, sà. Ẹnu yín ni yóò sọ ọ́." Ó jókòó, ó ń wọn àwọn àlàfo ẹnu mi lọ́kọ̀ọ̀kan bí aránṣọ tí ń wọn èèyàn.

Àlàyé tí ó ṣe fún mi ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Eyín ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ní ojú márùn-ún: iwájú, ẹ̀yìn, orí, àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tí ó kọjú sí àwọn aládùúgbò rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ń dé mẹ́ta àkọ́kọ́. Kò lè dé méjì ìkẹyìn. Níbẹ̀ ni ẹ̀gbin rírọ̀ kan máa ń lẹ̀ mọ́, tí kòkòrò àìfojúrí kún inú rẹ̀. Bí a kò bá tètè gbá a kúrò, a máa le bí òkúta, èrìgì a sì wú. Èrìgì tí ó wú ni ó máa ń ṣẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ tí ìyá àgbà àti èmi rò pé ó ń sọ pé kí a fi ibẹ̀ sílẹ̀, ohun tí ó ń sọ ni pé ibẹ̀ kò mọ́ tó. Bí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun tí ó yẹ tọ́jú ibẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀jẹ̀ lè jáde fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà a máa dáwọ́ dúró. Bí kò bá dáwọ́ dúró, ọ̀dọ̀ oníṣègùn ni kí ó lọ.

Ibi tí eyín bá ti fún mọ́ra, tí nǹkan mìíràn kò lè wọ̀, òwú ìtayín ni a ó lò. A ó já èyí tí ó tó ìgbọ̀nwọ́ kan, a ó we etí rẹ̀ méjèèjì mọ́ ìka àárín, a ó sì máa fi í rọra sọ̀ kalẹ̀ láàárín eyín. A kò gbọdọ̀ já a wọlé lójijì, nítorí yóò gé èrìgì. Bí ó bá ti wọlé, a ó fà á yí ẹ̀gbẹ́ eyín kan ká bí ìgbà tí aṣọ bá gbá ìdí mọ́ra, a ó fi gbá a lókè-nílẹ̀, kí a tó yí i sí ẹ̀gbẹ́ eyín kejì. Ibi tí àlàfo bá fẹ̀ díẹ̀, bíi ti eyín ẹ̀yìn, tàbí ibi tí èrìgì ti fà sẹ́yìn, búrọ́ọ̀ṣì wẹ́wẹ́ tí ó ní wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ni ó yẹ. Oríṣiríṣi ìwọ̀n ni wọ́n ń ṣe é. Ìlànà àgbáyé kan wà, ISO 16409, tí ó ń fi ihò tí ó kéré jù lọ tí búrọ́ọ̀ṣì lè gbà kọjá díwọ̀n rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọ̀ tí ilé iṣẹ́ kan fi sàmì sí ìwọ̀n kan lè yàtọ̀ sí ti ilé iṣẹ́ mìíràn, nítorí náà kí a má ṣe fi àwọ̀ rà á. Èyí tí ó bá wọlé láìfipá, tí irun rẹ̀ kan ẹ̀gbẹ́ eyín méjèèjì, tí wáyà rẹ̀ kò sì ha eyín, òun ni tiwa. Bí a bá ní láti tì í, ó ti tóbi jù. Bí ó bá kọjá bí ẹni pé kò sí ohun tí ó kàn, ó ti kéré jù. Ní ẹnu tèmi, ìwọ̀n búrọ́ọ̀ṣì méjì ni oníṣègùn náà yàn, ó sì fi òwú kún un fún àwọn eyín iwájú. Ẹnu kan ṣoṣo, irinṣẹ́ mẹ́ta! Mo rántí àwọn ẹyọ igi tí ìyá àgbà ń gbẹ́ lẹ́bàá ààrò.

Títa eyín kì í ṣe ohun tuntun lágbàáyé. Ní Dmanisi, ní orílẹ̀-èdè Georgia, wọ́n wú egungun ènìyàn àtijọ́ tí ó ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.8 ọdún, àpá títa eyín sì wà lára eyín wọn. Ní 1819, Levi Spear Parmly, oníṣègùn eyín kan ní New Orleans ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kí a máa fi òwú sílíìkì tí a fi ìda pa gba àárín eyín. Ní 2016, àwọn oníròyìn Amẹ́ríkà kéde pé ẹ̀rí tí ó wà lẹ́yìn òwú ìtayín kò lágbára, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì yọ̀ pé àwọn bọ́ lọ́wọ́ wàhálà. Ṣùgbọ́n ní 2019, àwọn olùṣèwádìí Cochrane kó iṣẹ́ ìwádìí 35 jọ, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní bí a bá fi òwú tàbí búrọ́ọ̀ṣì wẹ́wẹ́ kún fífọ eyín, ó ṣeé ṣe kí wíwú èrìgì dín kù ju kí a kàn fọ eyín lásán lọ, àti pé búrọ́ọ̀ṣì wẹ́wẹ́ lè ṣiṣẹ́ ju òwú lọ. Wọn kò fi pamọ́ pé ẹ̀rí náà kò tíì dá wọn lójú tán. Mo fẹ́ràn irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀. Òun ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́ nínú ìwé ìdánwò wọn: kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n mọ̀, kí wọ́n sì sọ ibi tí ó mọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ èdè kún un, nítorí òun ni iṣẹ́ wa. Ẹ wo bí Yorùbá ṣe pín iṣẹ́ yìí: a ń run orín, a ń fọ ẹnu, a ń ta eyín. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta fún iṣẹ́ mẹ́ta. Ẹni tí ó bá runrín tí kò tayín kò tíì parí iṣẹ́. Èdè ti sọ bẹ́ẹ̀ kí oníṣègùn tó sọ ọ́. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú Èdè-Ìperí Yorùbá ní 1984, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tiwa ni ó kó jọ fún wa, kí olùkọ́ lè rí ohun pe ìró àti gbólóhùn. Ẹnikẹ́ni kò ní í kó ti eyín jọ fún wa bí àwa tí a ń sọ ọ́ kò bá lò ó. Mo ń pe ti òwú ní òwú ìtayín, mo ń pe ti búrọ́ọ̀ṣì wẹ́wẹ́ ní búrọ́ọ̀ṣì ìtayín. Bí ẹlòmíràn bá ní èyí tí ó sàn jù, kí ó mú un wá.

Ní 2022, wọ́n fi eyín àtọwọ́dá dí àlàfo iwájú mi. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ dé kíláàsì, mo padà sórí /f/. Mo sọ gbogbo ìtàn yìí fún àwọn ọmọ, láti orí píìnnì dé orí "hìlà", mo sì bẹ ọmọkùnrin tí ó jókòó níwájú pé kí ó má bínú, pé èmi ni mo ṣì í lọ́nà. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Kò sí nǹkan kan, sà." Mo ní kí ó pe "fìlà". Ó pè é, ó dún ketekete.

Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, bí a kò bá rówó ra búrọ́ọ̀ṣì yẹn ńkọ́?" Ìbéèrè gidi ni èyí ní Àgọ́ Aláayè, n kò sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn dá a lóhùn. Mo ní kí wọ́n sọ píìnnì àti igi ìṣáná nù lónìí, nítorí ìyẹn kò náni lówó. Bí oúnjẹ bá há, kí wọ́n fi omi yọ́ ẹnu dáadáa. Bí kò bá jáde, kí wọ́n fi ìtayín onígi tí ó mọ́, tí ẹnu rẹ̀ kò mú, rọra yọ ọ́, kí wọ́n má sì tì í bọ èrìgì. Kí wọ́n máa fi díẹ̀ pamọ́ nínú owó súìtì àti bisikíìtì títí yóò fi tó ra òwú, nítorí òwú kan máa ń pẹ́ lọ́wọ́ ẹni, ohun tí wọn kò jẹ náà yóò sì ṣe eyín wọn láǹfààní. Bí wọ́n bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú itọ́ wọn, kí wọ́n sọ fún òbí tàbí olùkọ́ kí eyín tó bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹnu ni oko wa, eyín sì ni ọkọ́ tí a fi ń ro ó. Kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ mú dígí, ẹ ya ẹnu, ẹ wo àárín eyín kan àti èkejì. Bí ẹ bá rí i pé àlàfo kan kò bá èkejì dọ́gba, ẹ má ṣe fi ohun kan náà ta gbogbo wọn. Bí ẹ bá sì tún dé ìdí òwe akèrègbè ní kíláàsì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ìdajì kejì rẹ̀ sílẹ̀.